Ọdún Tí Ìyá Àgbà Ka Àwọn Ọmọ Wọn

Bàtà la kọ́kọ́ máa ń bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkọ̀lé, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bọ́ bàtà rẹ̀, yóò nu ẹsẹ̀ mọ́ àpò ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kó tó rọra wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ara Olúwa. Ìjọ kan ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, fún ẹ̀kọ́ òwò àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìtẹ̀wé àti ìṣirò owó ni wọ́n ti ń kọ́ níbẹ̀ tipẹ́. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Adó, tí ẹni tó bá ní in ní Ìkọ̀lé ṣì ń wá orí àpáta gùn kó tó lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì, ni ìjọ ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀: ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìtúpalẹ̀ dátà. Bí mo ṣe gbọ́ báyìí, mo ní èyí lèmi máa kọ́. Kí ni dátà? Mi ò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè ni wọ́n fi bí mi, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ìgbà wo ni Ọlọ́run máa ń sùn, ìyá mi sì gbá mi létí lójú gbogbo ìjọ. Etí yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé àlùfáà ò dá mi lóhùn. Títí di òní, kí ènìyàn fi ìbéèrè mi sílẹ̀ láìdáhùn máa ń bí mi nínú ju kó bú mi lọ.

Aṣọ léèsì funfun ni wọ́n fi ń bo àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ló rán an, irú èyí tí wọ́n rán fún tábìlì oúnjẹ alẹ́ Olúwa náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń pín ẹ̀rọ kan lò, a sì máa ń jà sí i ta ni yóò jókòó sáàárín. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ tasín wá láti Ìfàkì. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ní ká di ojú, wọ́n á gbàdúrà ṣókí pé kí iná má jó ohunkóhun, lẹ́yìn náà wọ́n á ká aṣọ léèsì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi máa ń dùn bí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń kùn, tí ojú rẹ̀ sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti nawọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni dátà?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ohun tí o bi àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì dá ọ lóhùn, dátà nìyẹn. O ó kó ìdáhùn wọn jọ, o ó tò ó dáadáa, wàá wá bi gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ohun tí ẹnì kankan nínú wọn ò lè dá sọ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣé iṣẹ́ wà láyé tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣe é, tí wọn ò sì ní gbá ènìyàn létí? Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ni pé ká bi ara wa ibi tí kálukú ń gbé àti àsìkò tó ń dé ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. A kó o sínú kọ̀ǹpútà, ó yà á bí òpó gíga àti òpó kúkúrú. Gbogbo wa ló rò pé àwọn tó ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Ìtàjí àti Ọ̀yẹ́ ni yóò máa pẹ́ jù. Irọ́ ni! Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gan-an ló ń pẹ́ jù, nítorí pé agogo ìjọsìn àárọ̀ ni wọ́n máa ń dúró gbọ́ kí wọ́n tó wẹ̀. Mo wo àwọn òpó wọ̀nyẹn títí. Ohun tó wà lójú wa lójoojúmọ́, a ò rí i títí ẹ̀rọ fi yà á fún wa.

Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ dátà kan ìyá àgbà mi nìyí.

Ìyá tó bí bàbá mi ni ìyá àgbà, abúlé wa lẹ́yìn Ìpáò ni wọ́n sì ń gbé. Abúlé náà pín sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó ga ló wà láàárín wọn. Odò wà ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ á fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ débẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará òkè ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún ru omi gun òkè padà. Òkè ni ilé ìyá àgbà wà. Orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n tipẹ́, nígbà òjò tó kọjá ni ẹsẹ̀ wọn sì yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí garawa omi dà lé wọn lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nínú ẹrẹ̀ títí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti oko fi gbé wọn dìde. Àwa tó wà nílùú ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ṣé òkú ni àwọn ni, tí a fi ń gbé àwọn kúrò nílé.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìjọ tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa rí àwọn olóore kan tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí abúlé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bọ́ọ̀hóòlù. Abúlé wa ni wọ́n mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, àwọn olóore náà sì ti là á kalẹ̀ pé ibi tí ọmọdé bá pọ̀ sí jù ni kó wà. Alákòóso ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n jẹ́ àlùfáà pẹ̀lú, pe olùkọ́ wa, wọ́n ní ṣé kì í ṣe dátà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n lọ fi ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ bi kíláàsì wa bóyá a rí ẹni tó mọ abúlé náà. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo mọ ohun tí mo ń wá. Mo fẹ́ kí kànga yẹn wà ní òkè, kí ìyá àgbà mi má bàa kú sí ojú ọ̀nà odò. Mo sì mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní òkè, àwọn ni wọ́n máa ń sáré tẹ̀ lé ọ̀kadà mi bí mo bá ń bọ̀. Lójú tèmi, kò sí wàhálà níbẹ̀. Kí n béèrè, kí wọ́n dáhùn, kí ẹ̀rọ yà á.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé ń gbé níbẹ̀, ó sì ti kọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ẹni tí kò bá jẹ́ kí wọ́n ka òun, ìjọba ò ní mọ̀ pé ó wà láyé. Kíá ni wọ́n dá mi lóhùn láti ilé dé ilé, ti onígbàgbọ́ ti mùsùlùmí. Bàbá kan tilẹ̀ fẹ́ fi ọmọ tó wà nínú ìyàwó rẹ̀ kún un. Mo gun òkè pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ní òkè, ọ̀rọ̀ yí padà. Obìnrin tí mo kọ́kọ́ bá ń fọ́ èkùrọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. A kí ara wa, ó bi mí bí ará ilé ṣe wà, ó fún mi ní àga. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ ní?" Òkúta tó fi ń fọ́ èkùrọ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n pọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Mélòó ni wọ́n mà?"

"Ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ kì í ṣe ọmọ abúlé yìí ni?"

Mo rò pé òun nìkan ni. Mo dé ilé kejì, wọ́n ní Ọlọ́run tó fún àwọn ló mọ iye wọn. Mo dé ilé kẹta, ìyá ibẹ̀ pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, òun nìkan ló jáde padà wá. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọn ò sì dáhùn ìkíni mi tán.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní ò ń ka ọmọ ọlọ́mọ kiri ùlú. Ṣé ùwé tí wọ́n rán ọ lọ kà nìyẹn?"

Mo ní, "Màmá, nítorí yín ni. Kànga ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́."

"Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé gbogbo ọ̀nà la ń béèrè? Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín níbẹ̀ yẹn, wọn ò sọ ti ọba tó ka àwọn ènìyàn rẹ̀ fún yín, tí àrùn fi wọ ùlú?"

Inú bí mi. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn gan-an ń ka orí ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ní orí ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ọmọ àwọn. Mo bi wọ́n ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n dìde lọ jẹun. Mo jẹun, ṣùgbọ́n mo bínú jẹ ẹ́ ni.

Olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé kò sí àyè kan tó gbọ́dọ̀ ṣófo nínú iṣẹ́ wa, ibi tí ìdáhùn ò bá sí, òdo ni ká kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Nígbà tí ẹ̀rọ ya àwọn òpó náà jáde, ti ìsàlẹ̀ ga gògòrò. Ti òkè? Kò sí òpó rárá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ gbá a dànù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé abúlé àwọn àgàn ni mo ti wá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ń sáré lẹ́yìn ọ̀kadà, àwọn tí mo mọ orúkọ wọn, ẹ̀rọ ní wọn ò sí.

Olùkọ́ dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wò ó títí. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn obìnrin náà sọ gan-an, mo sọ fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ gbá iwájú orí wọn díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá tèmi náà ò jẹ́ ka ọmọ. Mo gbàgbé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí a pa òdo wọ̀nyẹn rẹ́, pé ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò sọ pé òun ò ní. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n kọ́ àwọn ní yunifásítì kò ro ti àwọn ìyá wa mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Sátidé ni alákòóso àti ìgbìmọ̀ ìjọ máa lọ sí abúlé lọ mú ibi tí kànga máa wà, iye ọmọ sì ni wọ́n máa béèrè.

Mo padà sí abúlé kí Sátidé tó dé. Ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Bí n ò bá lè ka ọmọ, ṣé n ò lè ka ohun tí wọ́n fi ń pọn omi? Àárọ̀ kùtù ni mo lọ jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà odò, mo ń ka garawa, kẹ́ẹ̀gì àti bàsíà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Àwọn ọmọ ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá wọn ń wò mí, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó tì mí láti sinmi. Wọ́n bi mí ohun tí mo ń ṣe, mo ní kẹ́ẹ̀gì ni mo ń kà, n ò ka ọmọ ẹnì kankan.

Wọ́n ní, "Èyí sàn. Kẹ́ẹ̀gì kì í kú."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn, wọn ò sọ ọ́ bí àwàdà. Mo gbé ojú kúrò lára àwọn tó ń kọjá. Mo ní, "Màmá, ta ló kú?"

Mo rò pé wọ́n máa ní kí n dákẹ́. Wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ilà sílẹ̀ títí. Wọ́n wá ní, nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀dọ́, akọ̀wé kan gun kẹ̀kẹ́ wá sí abúlé láti ka ènìyàn. Inú àwọn ń dùn nígbà náà, ojú àwọn ò sì tíì rí nǹkan. Wọ́n wẹ àwọn ọmọ wọn, wọ́n fi àdí pa wọ́n lára, wọ́n tò wọ́n síwájú ilé bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Akọ̀wé fi bírò nà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n, àwọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ò tíì yí po tí ara ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná káàkiri abúlé. Nínú àwọn tó dúró síwájú ilé lọ́jọ́ yẹn, àwọn méjì tí wọ́n bí ṣáájú bàbá mi lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà.

Wọ́n ní, "Ibi tó na bírò sí ni mo máa ń rí. Tí mo bá di ojú báyìí, bírò yẹn ni mo ń rí."

Bàbá mi ò sọ ọ́ fún mi rí pé òun ní ẹ̀gbọ́n méjì. Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu mi: ṣé ọkùnrin ni wọ́n àbí obìnrin, kí lorúkọ wọn, ibo ni wọ́n sin wọ́n sí? Mo sì mọ̀ pé àìsàn yẹn ì bá wọlé, akọ̀wé ì báà wá, kó má sì wá. Ilé tí wọn ò kà náà sin ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ wọn, mo lọ pọn omi sí i, mo bá wọn rù ú gun òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ ọ́n mọ̀ fi ìbéèrè sílẹ̀ lẹ́nu.

Kẹ́ẹ̀gì tí mo kà ò sì wúlò. Mo kó o lọ fún olùkọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ti òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n wò ó, wọ́n bi mí iṣẹ́ tí àwọn obìnrin òkè ń ṣe. Mo ní epo ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú. Èmi náà rí i. Omi epo àti omi ẹ̀gẹ́ ni ìdajì ohun tí mo kà. Wọ́n ní, "Ọmọ ni wọ́n ní ká kà, kì í ṣe epo pupa." Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi lórí tábìlì wọn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbogbo abúlé péjọ sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì, òkè jókòó lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ jókòó lọ́tọ̀. Alákòóso gbàdúrà, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànga. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ iye ọmọ ti ìsàlẹ̀, ó ku ti òkè, kí àwọn ìyá dìde sọ tiwọn, kí gbogbo wa gbọ́. Èmi ni mo mú bírò lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó dìde. Alákòóso tún ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin tó ń fọ́ èkùrọ́ lọ́jọ́sí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnìkan láti ìsàlẹ̀ kùn pé ẹni tí kò fẹ́ kànga, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́. Alákòóso bá olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ sí etí, mo sì rí i pé wọ́n ti fẹ́ dìde. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ń wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láti ibi tí mo wà, mo ń rí ìyá àgbà nínú ẹrẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá. Ìyá àgbà ti dìde. Wọn ò wo alákòóso, èmi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Mẹ́fà ni mo bí."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi, n ò lè nà án sí ibì kankan, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan mi. Wọ́n ní, "Mo sin méjì. Mẹ́rin ló kù. Àgbà wọn ni bàbá rẹ. Méjì tẹ̀ lé e, obìnrin ni, ọ̀kan wà ní Ìdó, ọ̀kan wà ní Adó. Àbíkẹ́yìn mi wà ní Kàdúná, ó ń wa ọkọ̀, ọdún mélòó kan rèé tí n kò ti fi ojú kàn án. Gbogbo wọn ti kúrò ní ọmọdé, n ò mọ̀ bóyá tèmi wúlò fún kànga yín. Ṣùgbọ́n mo ti kà á. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ru omi gun òkè yìí, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Wọ́n jókòó. Ohùn kan láti àárín àwọn obìnrin òkè ló ní, "Wọn ò ní í dín." Àwọn yòókù ní, "Àmín." Obìnrin elékùrọ́ dìde, ó ní tòun jẹ́ márùn-ún, ó sì tètè jókòó bí ẹni tí nǹkan ta. Wọ́n tún ní, "Wọn ò ní í dín." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, àwọn ará ìsàlẹ̀ náà bá wọn ń ṣe àmín, ti bàbá tó fẹ́ ka oyún ló dún jù. Olùkọ́ wa bọ́ fìlà wọn. Mo ń kọ, n ò sì gbé orí sókè, nítorí ojú mi.

Òkè ló ní ọmọ jù, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ púpọ̀. Kí òjò tó dé ni wọ́n ti gbẹ́ kànga náà, kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rárá. Omi rẹ̀ tutù, ó sì mọ́. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dáa ní ilé ẹ̀kọ́, alákòóso fi iṣẹ́ náà wàásù ní ìjọsìn àárọ̀, orí mi wú.

Mo lọ sí abúlé láti lọ wo kànga mi. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn. Ìyá àgbà ni mo pàdé lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ń bọ̀ láti odò, pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Mo pariwo. Mo ní, "Màmá, kí lẹ tún wá lọ ṣe lódò? Omi wà lẹ́yìn ulé yín!"

Wọ́n ní omi odò dùn jù ú lọ. Irọ́ ni, wọn ò tíì tọ́ èyí wò. Mo bi àwọn aládùúgbò, wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ kànga, ìyá àgbà ò gba ife omi kan níbẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fi omi kànga ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á dà á fún adìyẹ. Inú bí mi débi pé n ò fẹ́ sùn níbẹ̀. Ta ni mo ṣe é fún? Mo sọ fún bàbá mi nígbà tí mo délé. Láti ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí abúlé lóṣooṣù, wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn máa ń lọ jókòó kí ìyá wọn rí wọn ni.

Gbogbo òjò yẹn ni ìyá àgbà fi lọ sódò. Ọyẹ́ dé, wọ́n ń lọ.

Bàbá mi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò wọn pé kí gbogbo wọn wálé ọdún, dandan ni. Àbúrò wọn obìnrin ti Ìdó dé, ti Adó dé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí ènìyàn, wọn ò jẹun. Bí ọkọ̀ kan bá dún lójú ọ̀nà Ìpáò, ọwọ́ wọn á dúró. Àwọn ọmọdé ń fa omi kànga lẹ́yìnkùlé, ariwo wọn gba ilé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò yí ojú sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé wọn ò ní fẹnu kan omi tí wọ́n ka ọmọ gbà títí ojú wọn fi máa kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàyè. Mo wo ojú wọn, mo wo ọ̀nà. Èmi tí mo mọ̀ pé bírò kì í pa ọmọ, mo bẹ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí àbíkẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wo àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n tún wo èyí tó wà nílẹ̀. Ètè wọn ò mì. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n mú ife kan lórí tábìlì, wọ́n gba àárín gbogbo wa kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọdé yẹra fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa omi, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì tún fa òmíràn.

Mo ti tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Mo fẹ́ béèrè bó ṣe dùn sí, mo kàn gba ife lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n nu ẹnu wọn. Wọ́n ní, "Lọ gbé iṣu kaná. Wọ́n ti pé."